Ó ti yanjú: bí a ṣe dá táàbù Firefox padà sí ìrísí àtijọ́

Ìbéèrè tí mo gbé wá ni bí a ṣe lè dá táàbù Firefox padà sí bó ṣe wà kí ẹ̀yà 89, ti oṣù kẹfà 2021, tó sọ ọ́ di gíga tí igun rẹ̀ sì rí roboto. Ó ti yanjú, ẹ ṣeun gan-an.

Ẹ má ṣe fi browser.proton.enabled, ìyẹn ètò inú Firefox tí a fi ń pa ìrísí tuntun náà, da ara yín láàmú. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yà 89 àti 90, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti 91. Ẹ tẹ about:config, ojú ewé ètò inú Firefox, sínú àpótí àdírẹ́sì, kí ẹ sọ toolkit.legacyUserProfileCustomizations.stylesheets di true. Ẹ ṣí about:support bákan náà, ẹ tẹ Open Folder níwájú Profile Folder, kí ẹ dá fódà kan síbẹ̀ tó ń jẹ́ chrome. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀ o, torí Linux kì í ka C àti c sí ọ̀kan náà. Inú fódà yìí ni fáìlì userChrome.css yóò wà, pẹ̀lú ìlà yìí:

.tab-background { border-radius: 0 !important; margin-block: 0 !important; }

Ẹ pa Firefox pátápátá, kí ẹ tún un ṣí. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ wò ó bóyá Windows ti fi .txt kún ìdí orúkọ fáìlì náà láìjẹ́ kó hàn.

Bó bá jẹ́ pé gíga rẹ̀ nìkan ló ń dà yín láàmú, ẹ sọ browser.compactmode.show di true, kí ẹ mú Compact lábẹ́ Density nínú Customize Toolbar. Èyí ni mo fara mọ́ jù, torí CSS, ìyẹn kóòdù ìrísí tó wà nínú userChrome.css, lè bàjẹ́ nígbàkigbà tí àtúnṣe tuntun bá yí orúkọ inú ètò náà padà. Ẹ fi ẹ̀dà fáìlì yín pamọ́.