Ọmọ mi tó ní homocystinuria fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ẹ̀jẹ̀ má lọ dì

Màmá Ọ̀kan
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 14, homocystinuria ni wọ́n bí mọ́ ọn, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ara lè lo purotéènì oúnjẹ bó ṣe yẹ. Lẹ́ǹsì ojú ẹ̀ ti yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, wọ́n láwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà ojú ò fi bẹ́ẹ̀ mọ àìsàn yìí, mo sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń tètè dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kí ni kí n bi wọ́n? Àyà mi ń já gan-an.

Dúró_Gbọingbọin
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, èmi náà ní in, fítámì B6 tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́ lára mi. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ homocysteine ẹ̀ wò, ìyẹn èròjà tó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwa tá a ní àìsàn yìí. Àwa tí B6 ò ṣiṣẹ́ fún, wọ́n máa ń fẹ́ kó wà lábẹ́ 100 (micromol nínú lítà kan), àwọn tó ṣiṣẹ́ fún dáadáa, lábẹ́ 50. Tó bá ga tí iṣẹ́ abẹ yẹn kì í ṣe pàjáwìrì, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú kó fi wálẹ̀ ná, torí homocysteine yẹn gan-an ló ń ba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa dì. Betaine ẹ̀, oògùn tó ń mú homocysteine wálẹ̀, ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kankan o.

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Mà, ẹ rí i pé ẹ bá dókítà tó máa kùn ún lóorun sọ̀rọ̀ fúnra yín kó tó dọjọ́ náà, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un pé kó má lo nitrous oxide, gáàsì tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun, rárá! Gáàsì yẹn máa ń ba fítámì B12 jẹ́, B12 sì lara fi ń sọ homocysteine padà di methionine, ọ̀kan lára èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, tí kò bá ti lè ṣiṣẹ́, homocysteine á kàn máa gòkè ni. Tí wọ́n bá tún ní kó má jẹ kó má mu láti òru, kí wọ́n tètè gbé dríìpù tó ní glucose sí i lára, torí tí omi bá gbẹ lára ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á ki, tí ebi bá sì pa á jù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ purotéènì inú ẹran ara ẹ̀, methionine á tú sínú ẹ̀jẹ̀, á sì di homocysteine. Tó bá ti jí, kó tètè dìde rìn.

Màmá Ọ̀kan
Ọlọ́run á bù kún yín. Abẹ́rẹ́ heparin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Tíátà
Dókítà tó ń tọ́jú homocystinuria ẹ̀ ló máa pinnu ìyẹn pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ abẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ o, torí iṣẹ́ abẹ ojú nìyí, wọn ò ní fẹ́ kó ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Àdùkẹ́
Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹ̀, bóyá ọ̀kan wú ju èkejì lọ, tó gbóná, tó ń dùn ún. Tí èémí ẹ̀ ò bá délẹ̀, tàbí tórí ń fọ́ ọ burúkú pẹ̀lú èébì, ẹ má rò pé ìrora iṣẹ́ abẹ ni, ẹ gbé e padà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ homocystinuria fún wọn látẹnu ọ̀nà.