Checksum tarball wa ti dúró báyìí o
Ẹ rántí ẹjọ́ tí mo gbé wá níjọ́sí, pé àwọn packager (àwọn tó ń di sọ́fítíwia wa fún àwọn tó ń lò ó) ní checksum (àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì ti yí padà) tarball wa (fáìlì kan tí a di gbogbo kóòdù sí) ń yí padà bẹ́ẹ̀ a ò fọwọ́ kan kóòdù? Ó ti yanjú. Tarball tí sáfà ń fúnra ẹ̀ dì látinú tag (orúkọ tí a fi sí ẹ̀dà kóòdù kan) la ń fún wọn tẹ́lẹ̀, tó bá sì tún un dì, nǹkan inú ẹ̀ ò yàtọ̀ o, bí gzip (ohun tó ń fún fáìlì pọ̀) ṣe fún un pọ̀ ló yàtọ̀. Ní báyìí èmi ni mò ń fi git archive (àṣẹ git tó ń di kóòdù sínú fáìlì kan) ṣe é, mo fi gzip -n fún un pọ̀ kó má kọ àkókò sínú ẹ̀, mo wá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú .asc (fáìlì ìfọwọ́sí ẹ̀) àti SHA256 ẹ̀ (checksum yẹn gan-an). Tí àṣìṣe bá wà, nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun ni máa fi gbé e jáde, mi ò ní pààrọ̀ fáìlì lábẹ́lẹ̀ mọ́ (ẹ má bínú, mo ṣe é rí). Ẹni tínú ń bí jù nínú àwọn packager yẹn ti bíldì ẹ̀, ó ní ó wọlé.