Ṣé CT nìkan tó kí wọ́n tó yọ àpẹ́ńdíìsì yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin lọ ṣe skáànù ultrasound (èyí tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara) nítorí nǹkan oṣù tó ń dà á láàmú, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àpẹ́ńdíìsì rẹ̀ (ẹ̀ka kékeré tó so mọ́ ìfun ńlá) wú, tí omi tó ki, tó ń fà, kún inú rẹ̀. Kò ní ibà, inú kò run ún rí. Àpẹ́ńdíìsì tó dá ṣáṣá kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ. Tirẹ̀ ti kọjá 15. Skáànù fi ìlà-ìlà hàn nínú rẹ̀ bí ìpele àlùbọ́sà, CT (àwòrán inú ara tí wọ́n fi X-ray yà) sì rí kálísíọ́mù lára awọ rẹ̀. Mucocele, ìyẹn àpẹ́ńdíìsì tí irú omi tó ń fà bẹ́ẹ̀ kún tó sì wú, ni wọ́n fura sí.

Mo béèrè bóyá wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà díẹ̀ wò. Wọ́n ní rárá, torí bó bá jò, ohun inú rẹ̀ lè tàn ká gbogbo ikùn. Ẹ̀rù ìyẹn gan-an ló ń bà mí. Ó ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìfun ńlá. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní CT ti tó. Dókítà mìíràn ní kó kọ́kọ́ ṣe MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n fi agbára òòfà yà).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwòrán inú ara, kí ni MRI lè fi hàn tí CT kò fi hàn, tó lè yí bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ abẹ náà padà?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo ti dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.