Ìdajì máráthọ́ọ̀nù: ṣé ká lẹ̀ mọ́ pacer látìbẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin níbi iṣẹ́ fẹ́ sá Great North Run, láti Newcastle dé South Shields, kìlómítà 21.1, ní wákàtí méjì. Ṣé ká lẹ̀ mọ́ pacer, ìyẹn ẹni tó ń sá eré ní ìwọ̀n kan kí àwọn mìíràn lè tẹ̀lé e?

Eléré: Ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú-àáyá 41 (5:41) fún kìlómítà kan nìyẹn. Ẹ sá a ní 5:38, torí yíyà fún èrò máa ń mú ọ̀nà gùn. Aago yín lè ka kìlómítà 21.3. Bí pacer bá ti fi ìṣẹ́jú méjì ṣáájú yín kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má lé e! Ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ ìlà yẹn ni chip yín, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka àkókò eléré, máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Eré àlébá yẹn ló ń tán ẹsẹ̀ ní kìlómítà 15.

Àdùkẹ́: Kí àwọn ọ̀rẹ́ yín dúró sí kìlómítà 16, kì í ṣe òpin nìkan. Kí ẹ ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú bóyá ọ̀tún tàbí òsì ọ̀nà ni wọ́n máa dúró sí. Kí wọ́n ya ẹnu gel (oúnjẹ aládùn inú ọ̀rá kékeré tó ń fún eléré lágbára) tí wọ́n máa fún yín sílẹ̀, ọwọ́ tó làágùn kì í lè ya á. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi sìn ín. Bí ẹ bá fi ohun mímu aládùn sìn ín, inú á rú.

Eléré: Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí ní kìlómítà 5, kó tètè dẹ eré.