Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, kí lẹ máa ń ṣe tí ẹ bá gbé bírò sílẹ̀?

Abẹ́rẹ́Òwú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìtàn àròsọ ni mò ń kọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ yàrá mi, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí kọ̀ǹpútà. Mi ò rán aṣọ tà. Mo kàn fẹ́ràn kí n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí n fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i, kí n gé e, kí n wá máa rán an pọ̀. Ọrùn aṣọ ló máa ń dà mí láàmú jù. Mo lè tú u, kí n tún un rán, kí n tún un tú, inú ò ní bí mi. Tó bá jẹ́ ìpínrọ̀ ìtàn ni, màá ti bínú lọ sùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan, òǹkọ̀wé lòun náà, ní àkókò ìwé mi ni mò ń fi ránṣọ. Ó ní bí mi ò bá lè jáwọ́, kí n kúkú fi télọ̀ kan sínú ìtàn kí gbogbo wàhálà náà má baà ṣòfò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi. Ṣé dandan ni kí gbogbo ohun tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ràn di ìwé? Ẹ̀yin ńkọ́?

Òǹkọ̀wéÒru:

Kí n kọ́kọ́ dáhùn ti ọrùn aṣọ ná, torí ìyá mi ránṣọ: ẹ fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ẹ tó yí i sínú, ẹ má jẹ́ kó kan ojú rírán. Kò ní ká jọ mọ́.

Ní ti ìbéèrè yín, èmi ò ní ohun ìgbádùn kankan tí mo lè fi yangàn. Ìṣirò owó ni mò ń ṣe níbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá délé, aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ ti wà nílẹ̀, ọmọ ń dúró kí n bá òun ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé nìyẹn. Franz Kafka ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìbánigbófò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa, ní Prague, láti 1908 títí àìsàn fi mú un fẹ̀yìn tì ní 1922. Òru ló ń kọ̀wé. Ó ráhùn nípa iṣẹ́ náà títí, síbẹ̀ wọ́n ń gbé e ga níbẹ̀ ṣáá ni. Amos Tutuola ńkọ́? Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ni nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1952. Ẹni tó bá ráyè ránṣọ, kó máa rán an lọ. Mò ń jowú yín ni.

ÀgbàInúÌwé:

Àbúrò, má fi télọ̀ kankan sínú ìtàn torí ẹnì kan ní o ń fi àkókò ṣòfò. Wo Vladimir Nabokov, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Ní àwọn ọdún 1940, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹranko ti Harvard ló wà, tó ń fi awò amúǹkantóbi yẹ labálábá wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní 1945 ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Éṣíà ni àwọn labálábá aláwọ̀ búlúù kan ti wọ Amẹ́ríkà, ní ìgbà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ yẹ DNA wọn wò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Lóòótọ́, labálábá ń yọjú nínú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò tiẹ̀ kọ ìtàn kankan rí, iṣẹ́ yẹn dúró fúnra rẹ̀. Aṣọ rẹ náà kò jẹ ìwé ní gbèsè.

Ewéko:

Mi ò fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n o. Agatha Christie ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ibẹ̀ ló ti mọ májèlé tó kún inú ìtàn rẹ̀. Bí nǹkan bá fẹ́ wọnú ìwé, kò ní tọrọ àyè.

Abẹ́rẹ́Òwú:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ewéko, iṣẹ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà ogun lẹ sọ yẹn. Ohun tí èèyàn ń ṣe torí ó wù ú ni mò ń bi yín. Aṣọ máa ń parí, ohun tí mo fẹ́ràn nídìí rẹ̀ nìyẹn. Mo máa já òwú, mo máa lọ̀ ọ́, mo máa wọ̀ ọ́ jáde. Ìtàn tí mo ń kọ lọ́wọ́ kò tíì ní ọjọ́ tí màá sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Tí mo bá wá sọ aṣọ náà di ìtàn, kí ló kù fún mi tó ń parí?

Òǹkọ̀wéÒru, báwo lẹ ṣe ń rí okun kọ̀wé lóru lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn?

Òǹkọ̀wéÒru:

Orúkọ lásán ni o. Inú ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni mo ti ń kọ ọ́, sórí fóònù. Lóru, mo ti sùn.