Mo fi ọlọ́pàá mú obìnrin tó ń bá mi dín gàrí. Ṣé mo ṣì lè fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn?

Ìyá Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó | Ọjọ́ Ẹtì, 3:12 òru

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àìsùn. Àwọn ọmọ méjì tí kì í ṣe tèmi ló sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Ìyá wọn wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, èmi ni mo sì ní kí wọ́n wá mú un.

Ibi tí a ti ń ṣe gàrí ni mo ní níbí. Kò tóbi. Agbada mẹ́ta, jáàkì méjì, ẹ̀rọ kan tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, obìnrin márùn-ún. Ìyá Ìbejì ni ọ̀kan nínú wọn, ọdún kẹta rẹ̀ lọ́dọ̀ mi rè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ mọ̀ pé bí ẹ̀gẹ́ bá ti wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tó ti kan dáadáa, ọwọ́ ẹni tó jókòó ti agbada ló kù. Ọwọ́ obìnrin yìí mọ iná. Gàrí rẹ̀ wẹ́, ó kan, ó gbẹ. Àwọn oníbàárà mi láti Ìjẹ̀bú-Òde máa ń bèèrè pé ṣé òun ló dín in kí wọ́n tó sanwó. Bàbá àwọn ìbejì ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ ní Kùtọnù nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Kò padà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n báyìí, Táyé obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin.

Láti nǹkan bí oṣù méjì ni òṣùwọ̀n ò ti pé mọ́. Á dín kóńgò méjì, á dín mẹ́ta. Ọmọkùnrin tó ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́ ni mo fura sí, mo bú u tẹ̀gàn tẹ̀gàn, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Lánàá Ọjọ́bọ̀, àwọn ìbejì dé láti iléèwé bí wọ́n ṣe máa ń dé, wọ́n jẹun, wọ́n ṣeré nídìí èèpo ẹ̀gẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀ kí mi. Bó ṣe ń dìde, báàgì ẹ̀yìn rẹ̀ gbá mi lápá. Ó gbóná.

Báàgì ìwé ọmọdé, ó gbóná. Mo ṣí i. Ìwé ìṣirò wà lókè, ìwé Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀, gàrí wà nísàlẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú méjì tí wọ́n kì bọ ara wọn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí agbada ni, ooru rẹ̀ ti mú ẹ̀yìn ìwé náà rọ̀. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, kóńgò mẹ́ta.

Ọmọ yẹn mọ ohun tó gbé. Ojú tó fi wò mí ló bí mi nínú ju gàrí lọ. Mo pariwo, èrò pé, ẹnì kan ní ká pe ọlọ́pàá. Fóònù mi ni wọ́n fi pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìyá wọn wọnú ọkọ̀, ohun tó ń sọ fún mi ni pé, “Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn Táyé wà nínú páànù mílíìkì lójú wíńdò.” Kò bẹ̀ mí nítorí ara rẹ̀ rárá.

Mo lọ sí yàrá wọn lọ mú aṣọ àwọn ọmọ. Páànù náà wà níbẹ̀. Folic acid káàdì kan, Paludrine tó ku ẹyọ mẹ́rin. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yẹn ní fòníkú-fọ̀ladìde. Fún ọdún mẹ́ta ni mo fi ń rí i tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tí mo ń sọ pé ibà pọ́njú ni, ẹ wá ewé fún un. Obìnrin tó ni kẹ́mísì ládùúgbò wọn ní gàrí ni Ìyá Ìbejì fi ń gba oògùn lọ́wọ́ òun láti ìgbà tí owó oògùn ti gbówó lórí. Òun rò pé èmi ni mo ń bù ú fún un.

N1,500 ni mò ń san fún un lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Iye yẹn ni látọjọ́ tó ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi ti fi kún owó gàrí láàárín ìgbà yẹn. Lọ́sẹ̀ yìí kan náà ni mo san owó aṣọ ẹgbẹ́ wa fún Ojúde Ọba, ó ju owó oṣù mẹ́ta rẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ fún mi. Wọ́n ní ó di Mọ́ńdè kí wọ́n tó gbé e lọ kóòtù. Ẹnì kan níbẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n mú N50,000 wá fún béèlì. Ṣé mo lè fà á sẹ́yìn? Táyé sì ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Alájà Òkè-Ajé | 5:40 àárọ̀

Ọmọ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ fún un lómi mu gan-an, ẹ fi nǹkan bò ó, kí òtútù má mú un. Tí ìrora yẹn bá le tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ gbé e lọ ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní in, mo mọ bó ṣe máa ń yí bìrí.

Ní ti ìyá rẹ̀, mi ò ní bá yín sunkún. Ọmọ mẹ́rin ni bàbá wọn kú fi sílẹ̀ fún mi ní 1998. Mo ta ẹja, mo fọ aṣọ olówó, mo ru ẹrù nínú ọjà Òkè-Ajé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Mi ò mú nǹkan ẹlòmíràn. Ẹnu wà lẹ́nu rẹ̀, kí ló dé tí kò sọ fún yín fún ọdún mẹ́ta pé ọmọ òun ń ṣàìsàn? Tó bá tilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé e pamọ́ sí ìdí ìró, ì bá sàn. Ẹ̀yìn ọmọ ló gbé e lé. Onítọ̀hún tó ni kẹ́mísì náà ń kọ́? Ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ gbà á jáde, mi ò ní dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kó má padà sídìí agbada yín.

Agbẹjọ́rò Ṣágámù | 6:25 àárọ̀

Mọ̀mí, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ dìde lónìí, ẹ má jẹ́ kó di Mọ́ńdè.

Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Ògùn, abala 390, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló wà fún olè lásán. Tí òṣìṣẹ́ bá jí nǹkan ọ̀gá rẹ̀, ó di ọdún 7. Òfin ò bèèrè bóyá kóńgò mẹ́ta ni tàbí ọgbọ̀n àpò. Adájọ́ lè ṣàánú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó parí ni ẹ̀rù ti ń bà mí fún irú wọn. Mo ti rí ìyá ọlọ́mọ tí kóòtù fún ní béèlì tí kò rí ẹni dúró fún un, tó wá ń jókòó sí ọgbà ẹ̀wọ̀n de ẹjọ́ tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́bi. Kò kàn lẹ́nìkan ni.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni ọlọ́pàá ní láti gbé ènìyàn débẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ò tó bẹ́ẹ̀ jìnnà sí yín. Béèlì lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni, àwọn fúnra wọn ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ má san N50,000 yẹn.

Ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà. Ẹ sọ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn kò fẹ́ kó lọ síwájú mọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀, ti àìsàn ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí i lára. Tí wọ́n bá fi lè gbé e dé kóòtù, ìjọba ló ni ẹjọ́ nìyẹn, ẹni tó ń rojọ́ fún ìjọba nìkan ló lè ní òun fẹ́ fà á sẹ́yìn lọ́dọ̀ adájọ́. Kí ẹbí rẹ̀ má sì fún yín ní kọ́bọ̀ láti fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ o. Abala 127 inú òfin kan náà á mú yín.

Tó bá dé kóòtù, àwọn Legal Aid Council ń gbèjà ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, wọn kì í gbowó. N70,000 ni owó oṣù yẹn láti 2024. Ìyá Ìbejì ń gba N24,000 lọ́dọ̀ yín. Òfin owó oṣù náà ò mú ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó 25, nítorí náà ẹ ò ṣẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí i kí n tó sọ ọ́.

Bàbá wọn ò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀ o. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2006, ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ kí òbí rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀, kóòtù sì lè pa á láṣẹ. Kí Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ lọ bá àwọn Wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀.

Ìyá Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó | 6:51 àárọ̀

Ọdún méje! Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mò ń wọṣọ.

Alájà, obìnrin kẹ́mísì ò mọ nǹkan kan, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹ ní kí ló dé tí Ìyá Ìbejì ò sọ fún mi. Mo ti ń bi ara mi látàárọ̀. Ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn wá yá owó lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ òun ń ṣàìsàn. Mo fún un, ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ni mo ti sọ pé ibi iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe ọsibítù. Ìyá Ìbejì wà níbẹ̀, ó ń sẹ́ gàrí.

Ọmọ Sábó | 8:03 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, kódà ìyàwó mi ò mọ̀.

Ìyá mi nìkan ló tọ́ wa. Obì ni wọ́n ń bá ọ̀gá kan ṣà ní Sábó, Ṣágámù. Wọ́n á bó èèpo funfun rẹ̀ kúrò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò wọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí èyí tó dára má baà gbẹ kó tó dé Kánò. Wọ́n gbà wọ́n láyè kí wọ́n máa mú èyí tó ní kòkòrò lọ sílé. Ìyá mi máa ń di èyí tó dára mọ́ ọn ní etí ìró. Tó bá di alẹ́, tí wọ́n rò pé mo ti sùn, wọ́n á máa kà á sínú abọ́ páànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó, kó, kó. Títí dòní, bí nǹkan bá kán lu páànù, mo máa ń kà á.

Owó obì yẹn ni wọ́n fi san owó ìdánwò mi. Ẹnikẹ́ni ò mú wọn. Wọ́n kú láìmọ̀ pé mo mọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wọn náà kú, mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, mo náwó débi tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń bi mí pé ibo ni mo ti mọ bàbá àwọn. Mo ní wọ́n ràn mí lọ́wọ́ ní kékeré.

Alájà, mo gbọ́ yín, ẹ ṣe iṣẹ́ takuntakun, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára wọn le.

Mà, nítorí Kẹ́hìndé ni mo ṣe kọ èyí. Ẹ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ lónìí. Ó dọ̀bálẹ̀ kí yín, báàgì rẹ̀ gbá yín, wọ́n sì mú ìyá rẹ̀ lọ. Bó ṣe máa máa rò ó nìyẹn títí táá fi dàgbà. Tí ẹsẹ̀ Táyé ò bá sì lọ, ẹ gbé e wá sí ọsibítù ńlá OOUTH ní Ṣágámù níbí, àwọn dókítà ọmọdé wà níbẹ̀. Mo lè wá fi ọkọ̀ gbé yín.

Ìyá Onígàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó | Àbámẹ́ta, 9:20 alẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti jáde. Lánàá, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo mú lẹ́tà náà lọ bí agbẹjọ́rò ṣe kọ́ mi. Ẹni tó ní kí n mú owó wá sọ pé lẹ́tà lásán ò tó, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ méjèèjì, mo ní mi ò ní dìde. Nígbà tí DPO fúnra rẹ̀ dé, ó kà á, ó wo ẹsẹ̀ Táyé tó ti wú, ó pè wọ́n pé kí wọ́n mú obìnrin náà wá. Mi ò san kọ́bọ̀.

Ibẹ̀ la ti kọjá sí Ṣágámù. Ọmọ Sábó, Ọlọ́run á gbé ẹ ga. Wọ́n fa omi sí Táyé lára, ìrora náà ti rọlẹ̀, wọ́n ní ká sùn mọ́jú lónìí kí wọ́n lè tún wò ó. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí.

Alájà, ẹ má bínú, mo ní kó padà. Òun ni kò tíì gbà. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye gàrí tí òun jẹ mí, kóun mọ bí òun ṣe máa san án. Mo ní a máa ṣírò rẹ̀, a ó sì ṣírò ohun tó yẹ kí n ti máa san fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kò dá mi lóhùn. Ó ń wo omi tó ń kán.

Mo ti bẹ ọmọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́. Mo bá Kẹ́hìndé náà sọ̀rọ̀, mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó ní “Ẹ ṣé mà.” Báàgì rẹ̀ ló fi ṣe ìrọ̀rí níbi tó sùn sí yìí. Mo fẹ́ yọ ọ́ kí ọrùn má baà dùn ún, ó dì í mú lójú oorun.