Róútà tó ń gbóná: ṣé ká mú un tutù ni, àbí ká tú ooru rẹ̀ sílẹ̀?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún irin kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ orí ọpọlọ (ìyẹn ṣípù) róútà, àpótí tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri inú ilé, kó má baà gbóná jù. Bọ̀dá wa tó kọ̀wé láti Kàdúná ní ká pè é ní "amúróútàtutù", kó lè bá "amúlétutù" tí gbogbo wa ti mọ̀ ṣẹbí. Ìyá wa, olùkọ́ ní Ìlọrin, dá "akóoru" lábàá. Ẹnì kan sì ní ká fi "hítísíńkì" sílẹ̀ bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè é, ká má da ara wa láàmú. Iṣẹ́ róútà àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ni mo ń ṣe jẹun ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo fara mọ́ ọn pé ká wá ọ̀rọ̀ tiwa, àmọ́ "tutù" yẹn ni mi ò lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe. Alumíníọ̀mù ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n sì là á sí wẹ́wẹ́ lókè bí eyín òòyà. Ooru á ti inú ọpọlọ róútà wọ inú irin, á tàn dé gbogbo eyín rẹ̀, atẹ́gùn tó ń gba àárín àwọn eyín náà kọjá á sì gbé e lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe eyín sí i nìyẹn, kí ibi tí atẹ́gùn máa fara kàn lè pọ̀. Kò ní gáàsì, kò ní mọ́tò, kò sì ń jẹ iná. Kò lè mú róútà tutù ju atẹ́gùn tó wà nínú yàrá lọ. Bí yàrá bá gbóná tó 36°C, tí irú rẹ̀ kì í ṣọ̀wọ́n ní Àbújá ní oṣù Kẹta, irin yẹn ò lè sọ róútà di 35°C láéláé. Amúlétutù ní tirẹ̀ ní gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fi agbára lé ooru síta. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn rẹ̀ níta á mọ̀ pé ooru tó kó kúrò nínú yàrá ló ń fẹ́ sí òun lójú. Orúkọ amúlétutù yẹ ẹ́ dáadáa. Irin tiwa yìí kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tún ku ohun kan nípa "tutù", òun ló sì ká mi lára jù. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lò ó nínú ilé. Aṣọ tó tutù lórí okùn, kò tíì gbẹ ni. Ilẹ̀ tó tutù, omi ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tútù, a ò tíì sá a. Omi kì í jìnnà sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wọ ilé kan ní Nyanya tí wọ́n ti ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ń lọ ń bọ̀. Aṣọ ìnura tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n fún, ni mo bá lórí róútà. Bàbá ilé ní wọ́n sọ fún òun pé kí òun máa mú un tutù. Nígbà tí mo tú u, omi ti gba ojú ihò òkè wọlé, ẹnu ibi tí wáyà iná ń wọ̀ sì ti hu ohun aláwọ̀ ewé tó ń rún bí iyẹ̀fun. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ní kí bàbá ṣe gan-an ni wọ́n ṣe. Bọ̀dá wa, ẹ má bínú sí mi, ìdí tí mo fi ń ta ko "amúróútàtutù" nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a bá dá fún ohun tó wà nínú iná kò gbọ́dọ̀ máa pe omi sí i.

"Akóoru" ìyá wa sún mọ́ ọ̀nà dáadáa. Ó mọ̀ pé ooru ni ọ̀ràn náà dá lé. Àmọ́, mà, "kó" ní ojú méjì. A ń kó ẹrù lọ, a sì ń kó ẹrù jọ. A tún ń kó àrùn, ẹni tó bá sì kó o, ara rẹ̀ ló wà. Bí mo bá gbọ́ "akóoru" láìmọ ohun tó jẹ́, mo lè rò pé róútà tí ooru ti mú ni wọ́n ń sọ. Irin tó bá kó ooru jọ tí kò rí ibi gbé e sí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì ń ṣe bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọn.

"Atúooru" ni tèmi. A ń tú ẹran sílẹ̀ lórí ìso, a ń tú irun, ìpàdé ń tú ká. Ohun tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá gba ìdáǹdè, á fọ́n ká. Iṣẹ́ irin náà gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àmì òkè orí "tú", nítorí "tu" ni a fi ń tu igbó, "tù" sì ni ti ohun tó tù wá lára. Mo mọ̀ pé ẹnu á fẹ́ sáré sọ ọ́ di "atóoru". Ẹ má jẹ́ ká gbà fún un, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ ò ní rí "tú" níbẹ̀ mọ́. Ní ti "hítísíńkì", èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń rà á ní Banex ní Wuse 2. Àwa oníṣẹ́ ò nílò ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín ara wa. Ìyá àgbà tí róútà wà nínú pálọ̀ wọn ni mo ń wá ọ̀rọ̀ fún.

Fún iṣẹ́ náà lápapọ̀, "títú ooru" ti tó. Ọmọ iṣẹ́ mi, tó jẹ́ Haúsá, kì í sọ fún oníbàárà pé kó mú róútà tutù. "Bari ya sha iska" ló máa ń sọ, ìyẹn ni pé ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn. Àwa náà ní i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ "ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn" á ká aṣọ léèsì kúrò lórí róútà, á fà á jáde lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní rántí omi rárá.

Ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ fún kí ẹ̀rọ gbóná kọjá bó ṣe yẹ. "Gbóná jù" ń bẹ nílẹ̀, kí la tún ń wá? Ohun tó yẹ ká máa kọ́ ara wa ni ìyàtọ̀ tí èdè ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Róútà tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má dààmú. Èyí tó gbóná janjan tí ọwọ́ ò lè dúró lára rẹ̀, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ róútà ilé ni ìwé wọn sọ pé yàrá tí kò bá ju 40°C lọ ni kí wọ́n ti lò ó. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí dikódà àti ínfátà jọ wà, kò pẹ́ tí ooru á fi ré ìyẹn kọjá ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwa. Nígbà náà ni ọpọlọ rẹ̀ á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, tàbí kó máa kú kó tún máa tàn. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀díẹ̀, náà ń gbẹ. Òfin àtẹnudẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni pé bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ọjọ́ ayé kàpásítọ̀ á dín sí ìdajì.

Ọyẹ́ tún ní tirẹ̀. Eruku rẹ̀ máa ń wọ àárín eyín atúooru títí atẹ́gùn ò fi ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹ yọ ọ́ lára iná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ojú ihò rẹ̀. Ní ti fáànù kékeré tó ń gba iná lára USB, tí àwọn kan máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ róútà, fáànù ni kó máa jẹ́, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ wà fún ohun tí a ń fi ọwọ́ fẹ́. "Ihò atẹ́gùn" sì dára fún mi ju "imú róútà" tí wọ́n dá lábàá lọ, torí ọ̀nà ni ooru ń bá jáde níbẹ̀, róútà kì í mí.

Mo máa ń lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ róútà fún àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Yorùbá. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbẹ̀ nìyí: "Ẹ má fi aṣọ bò ó. Ẹ má gbé e lé dikódà tàbí ínfátà lórí. Ẹ jẹ́ kí ihò atẹ́gùn rẹ̀ wà ní gbangba, kí atúooru inú rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe." Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju atúooru lọ, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kó tó di ìgbà náà.